Ọlọ Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Òkè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi. Èmi nìkan ni mo jókòó sídìí ẹ̀rọ lónìí, n kò pe àlejò kankan, nítorí pé ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo fẹ́ sọ, ó sì ti pé ọdún kan báyìí tí wọ́n ti papò dà.

Ìdànrè ni wọ́n ti bí wọn, láàárín oko kòkó, lábẹ́ àwọn àpáta ńláńlá tí ìlú àtijọ́ wà lórí wọn kí àwọn èèyàn tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú ìsàlẹ̀ dó. Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n darúgbó sí, níbi tí wọ́n ti wa bọ́ọ̀sì fún ọdún 28. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọn kò bá lọ síṣẹ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣì ń sùn, bàbá mi á ti jí láago márùn-ún, wọn á rọ tíì sínú fúláàsì, wọn á fi bébà wé búrẹ́dì àti ẹyin díndín, wọn á sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí abúlé Hathersage. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fẹsẹ̀ rìn gun Stanage, àpáta kan tó nà gbalaja bí ògiri, tó gùn ju kìlómítà 5 lọ. Màmá mi a máa sọ pé òkè yẹn ni orogún àwọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: inú mi kì í dùn sí i. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ńṣe ni wọ́n ń sá fún wa. Ilé wa há, ọmọ mẹ́rin la wà níbẹ̀, ariwo kì í sì í tán. Ta ni kò ní sá?

Ìgbà tí mo pé ọmọ ọdún 14, tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò, ni wọ́n kọ́kọ́ jí mi láago márùn-ún pé kí n wọ bàtà. A rìn fún bíi wákàtí méjì, wọn kò bá mi wí, wọn kò sì bẹ̀ mí. Ẹyẹ kan fò jáde láti inú igbó kúkúrú, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Wọ́n ní àparò òyìnbó nìyẹn, pé ká ní bàbá àwọn tó jẹ́ ọdẹ ló rí i ni, ìbọn ì bá ti dún. Wọ́n ní nítorí àtimáa dọdẹ irú ẹyẹ yẹn ni àwọn olówó fi dí òkè Kinder Scout mọ́ tálákà nígbà kan, títí di oṣù kẹrin ọdún 1932, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ fi gùn ún láìgbàṣẹ, tí wọ́n sì ju àwọn kan nínú wọn sẹ́wọ̀n. Ọdún 1951 ni ìjọba sọ agbègbè yẹn, Peak District, di ọgbà orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Bírítéènì. Kò yé bàbá mi rárá bí èèyàn ṣe lè ṣẹ̀wọ̀n torí pé ó gun òkè, wọ́n sì máa ń sọ ìtàn náà bíi pé àwọn náà wà níbẹ̀.

Lẹ́sẹ̀ Stanage, ọ̀pọ̀ ọlọ rìbìtì tí àwọn tó ń gbẹ́ òkúta ṣe láyé àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò wá gbé nígbà tí ọjà wọn kú, ewéko sì ti bo òmíràn nínú wọn. A jókòó lórí ọ̀kan, wọ́n bu tíì fún mi. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ bí àwọn ṣe fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìwé mẹ́fà. Àìlówó ni wọ́n máa ń sọ nílé pé ó fà á. Àṣé wọ́n fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, ojú sì tì wọ́n láti padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ nílé.

"Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí, "inú ilé kéré fún irú ọ̀rọ̀ báyìí."

Mo pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ fún ohun tó lé ní 30 ọdún, mo gbà pé èmi nìkan ni wọ́n fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn. Àfi ìgbà tí a sin wọ́n tán, tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó yí ìrẹsì tó ti tutù ká, ló hàn pé olúkúlùkù ló ní ibi tirẹ̀. Lórí òkè Mam Tor ni wọ́n ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nípa àbúrò wọn tó kú ní kékeré, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ̀gbọ́n mi láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé mọ̀. Létí adágún omi Ladybower, tó bo abúlé Derwent mọ́lẹ̀, ni àbúrò mi obìnrin ti gbọ́ nípa ẹni tó yá wọn lówó ọkọ̀ òfuurufú, tó kú kí wọ́n tó san án tán. Àbíkẹ́yìn wa kò fẹ́ sọ tirẹ̀, a kò sì fipá mú un. Ẹni tí mo rò pé ó ń sá fún wa, ibi tó fẹ̀ tó láti ti bá wa sọ̀rọ̀ ló ń wá kiri.

Màmá mi kò bá wọn lọ rí, nítorí orúnkún. Ní Àbámẹ́ta tó kọjá, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ síbi ọlọ yẹn. Ọ̀nà tí mo lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn gbà wá tó wákàtí kan, a ń dúró, a ń mí, a ń lọ. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá kan ọlọ náà, wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi gba ojú wọn.

"Ṣé èyí náà nìyí? Láti ọdún tí mo ti dé ìlú yìí ni bàbá yín ti ń sọ pé àwọn ti bá mi rí ọlọ, pé kí n ṣáà wá gbé e."