Iná tó ń ṣọ́ ẹnu èbúté Boston

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà yìí, níbi téèyàn ti lè dàgbà kó hewú láìfojú rí òkun. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ òkun ni mo gbé wá.

Ẹ wo tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ mi. Mo tàn án, ó mọ́lẹ̀ dé ara ògiri ọ̀hún. Ó dáa, mo ti yọ abọ́ dídán tó wà lẹ́yìn gúlóòbù rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Bátìrì kan náà, gúlóòbù kan náà, àmọ́ iná ti fọ́n ká, ògiri ti ṣókùnkùn.

Ní Amẹ́ríkà, lórí erékùṣù kékeré kan lẹ́nu èbúté Boston, wọ́n kọ́ ilé gogoro kan lọ́dún 1716, kí ọkọ̀ má baà forí sọ àpáta lóru. George Worthylake ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣọ́ iná ibẹ̀. Lọ́dún 1718, ọkọ̀ dojú dé, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn sì bómi lọ. Ẹni tó ń gba ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ omi!

Nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà, lọ́dún 1776, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀tù fọ́ ilé gogoro náà. 1783 ni wọ́n tún un kọ́.

Ọdún 1859 ni wọ́n gbé e ga dé mítà 27, tí wọ́n sì to gíláàsì ńlá yí iná rẹ̀ ká, irú èyí tí Fresnel, ará Faransé, ronú kàn. Iṣẹ́ abọ́ tọ́ọ̀ṣì wa ló ń ṣe: iná tó fẹ́ ṣòfò sókè sódò, á kó o jọ, á darí rẹ̀ síwájú. Agbára rẹ̀ tó kìlómítà 50. Ká ní ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láti ibí dé Ọ̀yọ́, tí kò sí òkè, tí kò sí igi, ará Ọ̀yọ́ á rí i.

Iná náà kì í kú, kì í jí o. Gíláàsì ló ń yí. Bí ojú rẹ̀ kan bá ti kọ sí atukọ̀, á rí i tó bù yẹ̀rì, lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 10. Ilé iná kọ̀ọ̀kan ló ní òǹkà tirẹ̀, bá a ṣe ń fi ohùn ìpolówó mọ ẹlẹ́kọ láàárọ̀ ká tó rí i.

Tí kùrukùru bá wá bolẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ nígbà ọyẹ́ mọ̀ pé iná ò ràn án. Lọ́dún 1719, wọ́n gbé àgbá ìbọn kan síbẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, bí ọkọ̀ bá yìnbọn nínú kùrukùru, ilé iná á yin tirẹ̀ dá a lóhùn.