Bàálù oníbátìrì tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ́: ẹ jẹ́ kó kú nílẹ̀ kó tó gòkè

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo bá wá. Bàálù kékeré tó ń lo iná bátìrì, tí èèyàn jókòó kàn pọ̀ nínú gáréèjì ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ máa já yín láyà. Ẹ́ńjìnnì oníná ò ní písítìnì, kò ní kábúrétọ̀, ohun tó lè bàjẹ́ nínú ẹ̀ ò pọ̀. Àárín bátìrì sí ẹ́ńjìnnì yẹn ni ewu pọ̀ sí, wáyà, súwíìṣì, inverter tó ń yí iná bátìrì padà sí irú èyí tí ẹ́ńjìnnì ń lò, àti kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn, ibẹ̀ náà làwọn èèyàn kì í sì í dán wò tó kí wọ́n tó fò.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cranfield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù kẹrin 2021. Kì í ṣe bàálù tí wọ́n kọ́ nílé o, Piper ni, iléeṣẹ́ ZeroAvia ló yọ ẹ́ńjìnnì elépo inú ẹ̀ tí wọ́n fi oníná rọ́pò, bátìrì àti fuel cell, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì hydrogen ṣe iná, ló ń fún un lágbára. Ìdánwò ọjọ́ yẹn ni pé kí wọ́n pa bátìrì lójú òfurufú kí fuel cell máa gbé e lọ ní òun nìkan. Bí wọ́n ṣe pa á báyìí, agbára lọ pátápátá. Atẹ́gùn ń yí propeller, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń mú bàálù lọ, propeller ń yí ẹ́ńjìnnì, ni ẹ́ńjìnnì bá di jẹnẹrétọ̀, ó ń ti iná padà sẹ́yìn sínú inverter, inverter náà wá ti ara ẹ̀ pa kó má baà jóná. Wọ́n tún un tàn, kò gbà. Inú pápá ni wọ́n balẹ̀ sí, apá òsì ya kúrò, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run pé ẹnikẹ́ni ò ṣèṣe. Àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ sọ pé wọn ò dán ọ̀rọ̀ iná tó ń padà sẹ́yìn yẹn wò tó nílẹ̀. Ohun tó ń dáàbò bo inverter ló gba agbára lọ́wọ́ awakọ̀, ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Chip Yates, awakọ̀ bàálù ará Amẹ́ríkà, náà ńkọ́, ní Inyokern ní California lóṣù keje 2012? Long-EZ, irú èyí táwọn èèyàn ń kọ́ nílé, ló kó bátìrì sí, eré ẹ̀ kọjá 200 máìlì ní wákàtí kan, ni bátìrì bá yọnu, bẹ́ẹ̀ ló fi balẹ̀ láìsí agbára kankan.

Ẹ má sì fi ojú gééjì epo wo gééjì bátìrì. Ẹ ti rí fóònù tó fi 15% hàn tó sì kú lọ́wọ́ yín bẹ́ẹ̀. Tí ṣáájì bá ti lọ sílẹ̀, volt á máa já wálẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ agbára púpọ̀, òtútù tún ń dá kún un, ìgbà tẹ́ ẹ sì nílò agbára jù ni ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ balẹ̀ tí nǹkan dí ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ tún gbéra. Epo tó bá jó tán ti fúyẹ́, bátìrì ò fúyẹ́ rárá, bó ṣe wúwo nígbà tẹ́ ẹ gbéra ló ṣe máa wúwo nígbà tẹ́ ẹ ń balẹ̀.

Ti kí bátìrì gbiná tún nìyẹn. Tí sẹ́ẹ̀lì lithium kan bá gbóná kọjá ààlà, á ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èéfín ẹ̀ ní májèlé, ẹ ò sì lè dúró lókè máa pa á. Ẹ fi irin dínà láàárín ara yín àti bátìrì, kí èéfín rí ọ̀nà jáde síta.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bàálù tí èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò ní ìwé ẹ̀rí, wákàtí 40 ni wọ́n sábà máa ń ní kó fi fò fún ìdánwò, kò sì gbọdọ̀ gbé èrò nígbà yẹn. Ó dáa, àmọ́ ti ilẹ̀ ló ṣáájú. Ẹ so ìrù ẹ̀ mọ́ òpó tó lágbára, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé òpin, kó pẹ́ níbẹ̀ ju ìgbà tó máa fi gòkè lọ, ẹ máa wo bí inverter àti bátìrì ṣe ń gbóná. Ẹ pa iná nígbà tí propeller ṣì ń yí, kẹ́ ẹ wá rí i bóyá á gbà padà. Kẹ́nikẹ́ni má dúró níwájú ẹ̀ o, torí ẹ́ńjìnnì oníná kì í pariwo kó tó yí, ó lè dákẹ́ lọ báyìí kó sì ti wà lójú iná. Tó bá kọ̀ láti tàn padà, ẹ tú u, ẹ wá ìdí ẹ̀, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni wá wòran.