Èènì Ọlọ́hun: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú àti Àdúà Òwúrọ̀ Jímọ̀

Àsàláámù aláékúmù, ẹ̀yin ará mi. Ẹ kú ìdájí Jímọ̀. Ṣé àlàáfíà la jí? Ṣé àwọn ọmọ sùn dáadáa? Alhamdulillah.

Ibi tí mo bá yà sí nínú ọ̀sẹ̀ yìí, ohùn kan náà ni mò ń gbọ́. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Pákátà dé Ọjà Ọba nílùú Ìlọrin wa níbí, ìkùnsínú ni. Níbi ìkómọ tí a lọ ní Òkèlélé, wọn ò tíì ṣàdúà fún ọmọ tán tí àwọn obìnrin ti ń bi ara wọn léèrè pé, "Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?" Àwọn ọmọ fẹ́ wọlé, owó ilé-ìwé ti dé, yúnífọ́ọ̀mù èṣí ti há mọ́ wọn lára. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọwọ́ kúrò nínú owó epo bẹntiróòlù, tí lítà kan fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ohun gbogbo ló bá epo fò. Nígbà tí wọ́n sì fi máa sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 ní 2024, ọjà ti sáré kọjá owó náà lọ. Mi ò fẹ́ fi èyí ṣe wàásù òṣèlú. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ dúpẹ́ láàárọ̀ yìí, ó mọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò ẹ̀wà.

Ẹni tí ebi ń pa, tí a ní kó máa rẹ́rìn-ín, a ò ṣàánú ẹ̀. Ànọ́bì Yaqub sunkún ọmọ rẹ̀ Yusuf títí ojú rẹ̀ fi funfun, ó sì ní Ọlọ́hun nìkan lòun ń kó ẹ̀dùn ọkàn òun lọ bá. Nítorí náà, bí ẹkún bá há yín lọ́fun, ẹ sun ún lórí ẹní ìkírun. Ohun tí ẹnu wa ń sọ lẹ́yìn ẹkún ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì, mo wà lọ́jà Ìpàtà, nídìí obìnrin kan tó ń ta gaari àti ẹ̀wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìpàtà, ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí tí oòrùn bá ń lọ wọ̀: aláta ń pe, oníṣu ń pe, alábàárù ń ké "àgò lọ́nà." Obìnrin tó wà níwájú mi ra kóńgò ẹ̀wà kan. Bó ṣe ń nájà náà ló ń pòṣé. Ó ní olè ni gbogbo wọn, ó ní wọ́n ti lu ìdí kóńgò wọnú. Ọlọ́jà ò dá a lóhùn. Ó bu ẹ̀wà kún kóńgò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí ẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dà á fún un, ó gbowó ẹ̀.

Ìyá arúgbó kan ló tẹ̀ lé e. Ìdajì kóńgò gaari ló fẹ́. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ ọlọ́jà. Nígbà tí wọ́n wọn gaari tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ní, "Alhamdulillah. Ọmọ mi, o ṣé o. Ọlọ́hun á jẹ́ kó tà. O ò ní ríjà ọjà. Oko tí èyí ti wá, á tún so." Ó ti kẹ̀yìn sọ́jà, ó ti ń lọ, kí ọlọ́jà tó pè é padà: "Ìyá, ẹ mú láílọ́ọ̀nù yín wá." Ó ki ọwọ́ bọ inú àpò gaari, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Ó tún bu ìkejì. Mo gbọ́ bí gaari náà ṣe ń dà ṣorọṣorọ sínú láílọ́ọ̀nù. Ó ní, "Èènì yín nìyẹn."

Ẹ̀yin ará mi, àtìgbà náà lọ̀rọ̀ yìí ò ti kúrò lọ́kàn mi. Ọlọ́hun sọ nínú Súrà Ibrahim, ẹsẹ 7, pé bí a bá dúpẹ́, dájúdájú Òun yóò ṣe àlékún fún wa. Ẹ jẹ́ ká wá wo èènì dáadáa.

Wọn kì í fún ẹni tí kò tíì gba ohun tí wọ́n wọ̀n fún un ní èènì. Arúgbó yẹn gba ìdajì kóńgò. Kò ní, "Kí lèyí fẹ́ ṣe nínú ìkòkò?" Ìdajì ni, ìdajì náà ló sì gbà, orí ìdajì yẹn ni wọ́n da ẹ̀kúnwọ́ méjì lé. Ọ̀pọ̀ wa ló ń retí àlékún Ọlọ́hun, bẹ́ẹ̀ a ti da èyí tó kọ́kọ́ wọ̀n fún wa nù sílẹ̀, pẹ̀lú òṣé àti ìbínú.

Ẹ tún wò ó: wọn kì í fi kóńgò wọn èènì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bù ú. Kóńgò wà nílẹ̀, ọlọ́jà ò wò ó. Ọlọ́hun náà sọ pé Òun máa ń pèsè fún ẹni tó bá wu Òun láìṣírò. Ohun tí a fowó rà ní ìwọ̀n. Ohun tí àánú bù sí i ò ní.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ìyá yẹn ti kẹ̀yìn, ó ti ń lọ. Kò dúpẹ́ nítorí kí wọ́n lè pè é padà.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọpẹ́ wa ló ń sọ Ọlọ́hun di ọlọ́rọ̀. Súrà Luqman, ẹsẹ 12, ti yanjú ìyẹn: ẹni tó bá dúpẹ́, ara rẹ̀ ló dúpẹ́ fún. Èènì rẹ̀ sì lè má jẹ́ owó. Ó lè jẹ́ ibà ọmọ tó sọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lójú tèmi, èènì tó tóbi jù lásìkò yìí ni ilé tí tọkọtaya ti lè jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì tí kò léran, kí wọ́n sì tún máa fi oríkì pe ara wọn.

Inú ilé gan-an lọ̀rọ̀ yìí ti le. Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ẹni tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Baálé ilé jáde kí àwọn ọmọ tó jí, ó wọlé lálẹ́ pẹ̀lú ₦2,000, a ní, "Èyí náà lẹ mú wá?" A ti fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí kóńgò pẹrẹsẹ nìyẹn. Ìyàwó náà fi ₦2,000 yẹn se ọbẹ̀ tí gbogbo ilé jẹ tí ó sì ṣẹ́ kù sí àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé ó ṣé. Mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀yin ọkùnrin lẹ jẹ̀bi èyí jù. Abọ́ ń ṣófo, ẹ ó nu ẹnu, ẹ ó dìde.

Ilé Ànọ́bì fúnra rẹ̀ mọ ọ̀wọ́n. Ìyàwó rẹ̀, Aisha, ròyìn pé oṣù tuntun á yọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì, wọn ò ní dáná nínú àwọn ilé Ànọ́bì. Dàbínù àti omi ni wọ́n fi ń gbéra. Aisha yìí kan náà ló ròyìn pé Ànọ́bì máa ń dúró kírun lóru títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi sán, nígbà tí òun sì bi í pé kí ló dé, ó dáhùn pé, "Ṣé kí n má jẹ́ ẹrú tó moore ni?" Ilé tí iná ò sí nínú ààrò ni ọpẹ́ yẹn ti ń jáde wá.

Ẹ jẹ́ ká tẹ́wọ́.

Bismillah. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ kó máa bá Ànọ́bì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ọlọ́hun, Ìwọ lo jí wa lẹ́yìn tí o ti mú wa sùn, ọ̀dọ̀ Rẹ náà la ń padà sí. A dúpẹ́. A dúpẹ́ ohùn ládàánì tó pè wá, a dúpẹ́ etí tó gbọ́ ọ. A dúpẹ́ omi àlùwàlá tó tutù lójú wa. A dúpẹ́ ọmọ tó tọ̀ sílé lóru, nítorí ọmọ tó wà láàyè ló ń tọ̀ sílé. A dúpẹ́ ìyá tó ń ráhùn orúnkún, nítorí ìyá tó wà lóke eèpẹ̀ ló ń ráhùn. A dúpẹ́ gaari tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ike. A dúpẹ́ gbèsè tí o bá wa san, a sì dúpẹ́ pé olówó èyí tó kù ṣì ń dá wa lóhùn tí a bá kí i.

Ọlọ́hun, ìdajì kóńgò wa rèé. Owó oṣù tí kì í pé ogúnjọ́ rèé. Ìsọ̀ tó ń tà lónìí tí kì í tà lọ́la rèé. Oko tí òjò dá lóró rèé. Ara tí kò le tó ti àná rèé. A fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, a ní Alhamdulillah. Ya Razzaq, bù sí i fún wa. Má fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Má wo ohun tí a mú wá sọ́jà. Bù ú nínú ìṣúra tí kì í tán, tún bu ìkejì, títí láílọ́ọ̀nù wa á fi kún, títí a ó fi máa wá igbá aládùúgbò yá. Àmín.

Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ti jáde kí ọmọ tó jí nítorí ojú ń tì yín, ojú kò ní tì yín mọ́. Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà lọ lófo, owó lẹ ó gbà á bọ̀. Ọmọ yín á sáré pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó ní nǹkan tẹ́ ẹ máa gbé lé e lọ́wọ́. Àmín.

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ní ẹ ti yó kí oúnjẹ lè kárí ọmọ, Ọlọ́hun tó rí i yín á bọ́ yín. Iná ààrò yín kò ní kú. Ọmọ tẹ́ ẹ febi tọ́ á fi àyọ̀ tọ́jú yín. Ẹ ò ní fọwọ́ gbé òkú ohun tẹ́ ẹ fẹ̀yìn pọ̀n. Àmín, àmín.

Ẹ̀yin opó tẹ́ ẹ ń dá owó ilé-ìwé rò lóru, Ya Lateef á yọ sí yín láti ibi tẹ́ ẹ ò fọkàn sí. Wọn kò ní lé ọmọ yín sílé nítorí owó. Àmín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí ọmọ, tẹ́ ẹ sì ń bá wa jẹ ìkómọ ọmọ ọlọ́mọ, tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ tẹ́ ẹ wá ń sunkún sílé, Ọlọ́hun tó dá Sàkáríyà lóhùn á dá yín lóhùn. Ìlẹ̀kẹ̀ á so nídìí ọmọ tiyín. Àmín.

Ya Shafi, àìsàn tó ń gba owó oúnjẹ lọ sílé ìwòsàn, lé e jáde kúrò lágboolé wa. Ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, pàṣẹ fún wọn kí wọ́n lọ tí wọn ò ní mọ̀nà padà. Oògùn tí a rà á jẹ́. Èyí tí a ò rówó rà, fi ìwòsàn Rẹ rọ́pò ẹ̀. Àmín.

Ohun tó ń jẹ wá lówó tí a ò rójú ẹ̀, Ọlọ́hun, Ìwọ rí i. Mú un. Èṣù tó ń wọ àárín tọkọtaya nígbà tówó bá tán, dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu tó ń fi wa wé aládùúgbò títí ilé wa fi ń korò, pa á mọ́. Ìkọ̀sílẹ̀ tí ẹnìkan ti ń rò lọ́kàn láàárọ̀ yìí nítorí ọ̀wọ́n, tú u ká, da ìfẹ́ padà sí yàrá wọn kí oòrùn tó wọ̀. Àmín, Ya Wadud.

Ya Hafiz, àwọn ará wa níhà Ìfẹ́lódùn, Ẹ̀rúkù àti Pàtígi, tí ajínigbé lé kúrò lóko, tí iṣu wọn ń jẹrà nínú ebè! Gba ìjà wọn jà. Ìbọn tó bá dojú kọ àgbẹ̀ wa, má jẹ́ kó dún. Igbó tó ń pa àwọn ajínigbé mọ́, kó tú wọn síta. Àwọn tó wà lọ́wọ́ wọn di àkókò yìí, yọ wọ́n láàyè, yọ wọ́n pẹ̀lú ara pípé, mú wọn padà wá jókòó sídìí abọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. A ò ní ta ilé ra ọmọ. A ò ní ta ilẹ̀ ra ọkọ. Ọ̀nà oko á padà di ọ̀nà oko. Àmín, àmín, Ya Jabbar!

Ya Fattah, ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa, ṣí i. Ìwé-ẹ̀rí tó ti ń pọ́n nínú àpótí á bọ́ sórí tábìlì ẹni tó máa gbà wọ́n síṣẹ́. Ọmọ wa ò ní wá owó dé ibi tí a ò ti ní rójú ẹ̀ mọ́. Àmín.

Ọlọ́hun, ràn wá lọ́wọ́ lórí ìrántí Rẹ, lórí ìdúpẹ́ fún Ọ, àti lórí ìjọ́sìn Rẹ tó dára. Tí o bá fún wa, má jẹ́ ká gbàgbé Rẹ. Tí o bá dá a dúró díẹ̀, má jẹ́ ká bú Ọ. Fún wa ní sùúrù tó lẹ́wà. Forí ji àwọn òbí wa tó ti lọ, tẹ́ sàárè wọn sí ìrọ̀rùn. Lọ́jọ́ tó bá sì kàn wá, nígbà tí a bá ti pẹ́ dáadáa, fi wá sínú àwọn tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn ní Àlùjánnà máa jẹ́: gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Olúwa gbogbo ẹ̀dá.

Àmín. Àmín. Àmín.