Nínú 99 sí 1 àti 149 sí 0, Èwo Ló Ṣẹlẹ̀?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìdíje kúìsì, ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú ìjókòó o.

Àwọn tó dàgbà ní àdúgbò tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ti gbọ́ ọ rí pé Íńdíà na Nàìjíríà ní 99 sí 1. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù di iná, ó di kìnnìún. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí góòlù kan jẹ fún wa, ó sì kú síbẹ̀. Àwọn mìíràn a tiẹ̀ fi orúkọ Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, sí i. Ẹ wá gbé ìkejì tì í: ní Madagásíkà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù AS Adema na ẹgbẹ́ Stade Olympique de l'Emyrne ní 149 sí 0. Ọ̀kan ṣẹlẹ̀, ọ̀kan kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi aago wò ó. Ìṣẹ́jú 90 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5,400. Góòlù 100 túmọ̀ sí ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá 54. Ti 149 túmọ̀ sí ẹyọ kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 36. Bó bá jẹ́ aago nìkan ni ẹlẹ́rìí, ti Íńdíà ló jọ òótọ́ jù. Bẹ́ẹ̀, ti Madagásíkà ló ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2002. Inú ń bí àwọn Emyrne sí ìpinnu tí rẹfirí ṣe nínú ìdíje tó ṣáájú, ni wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ara wọn. Òfin bọ́ọ̀lù gan-an ló ràn wọ́n lọ́wọ́: ẹgbẹ́ tí góòlù wọ àwọ̀n rẹ̀ ló ń ta bọ́ọ̀lù láti àárín pápá. Nítorí náà bọ́ọ̀lù kò kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á ta á, wọ́n á dá a padà sẹ́yìn, ó di àwọ̀n, wọ́n á tún gbé e lọ sáàárín. Adema dúró, wọ́n ń wòran. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìdádúró ọdún 3 jẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá Emyrne níyà.

Ti Íńdíà kò ní ọjọ́, kò ní pápá, kò ní rẹfirí. Okwaraji tí wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ ṣubú, ó sì kú, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù láti lọ sí Ife Àgbáyé. Íńdíà kò sí níbẹ̀ rárá.

Adùn àkójọ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ìyanu báyìí kò ju èyí lọ: ó ń mú kí olùgbọ́ pariwo pé irọ́ ni, ẹni tó kó o jọ á sì ṣí ìwé fún un. Bí kò bá sí ìwé tí a lè ṣí, àlọ́ la ń pa. Ní Ifẹ̀ níbí, ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ẹsẹ Ifá á dárúkọ awo tó dá a, á sọ ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tó gbé e wá, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, àti bóyá ó rú u. Ẹ ṣe ìwé yín bẹ́ẹ̀: orúkọ, ọjọ́, ibi, iye, ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, àti ipò tó wà nílẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Ipò yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ níbi kúìsì. Ẹ wo Tobi Amusan nínú eré họ́dù 100 mítà ní Oregon, lóṣù keje ọdún 2022. Ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá a, ìyẹn sì di rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé. Lọ́jọ́ kan náà, ní àṣekágbá, ó sá 12.06. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí rẹ́kọ́ọ̀dù, torí afẹ́fẹ́ ń ti àwọn eléré láti ẹ̀yìn ní mítà 2.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ 2.0 ni òfin gbà. Bí ẹ bá béèrè pé "Kí ni Amusan sá ní Oregon?", ìdáhùn méjì ló wà, àwọn òbí á sì dìde. Ẹ béèrè pé "Aago wo ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi rẹ́kọ́ọ̀dù?"

Ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó kọ ọ́ lọ́dún 2001 pé fàdákà ni Nàìjíríà gbà nínú 4×400 mítà àwọn ọkùnrin ní Òlíńpíìkì Sydney lọ́dún 2000 kò purọ́ nígbà náà. Lẹ́yìn tí wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà nítorí oògùn afúnnilágbára tí òfin eré ìdárayá kà léèwọ̀, wúrà di tiwa lọ́dún 2012. Ìwé tí kò ní ọjọ́ á máa sọ fàdákà títí.

Àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù kan tiẹ̀ wà tí ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tún borí. Ní Wimbledon lọ́dún 2010, John Isner àti Nicolas Mahut gbá tẹ́nìsì fún wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 5, ọjọ́ 3 ló gbà wọ́n. Sẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn parí sí 70 sí 68. Pátákó tí wọ́n fi ń ka ayò kò kúrò ní 47 sí 47, torí kò sẹ́ni tó rò pé ó lè kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣètò rẹ̀. Ẹ má fi pátákó yẹn sílẹ̀ nínú ìwé yín. Ó dùn ju 70 sí 68 lọ. Wọ́n ti yí òfin sẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn padà báyìí, kò tún lè gùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní ti bíbéèrè, ẹ wo àlọ́ àpamọ̀. "Òkun ń hó yeè, ọ̀sà ń hó yeè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ọmọrogùn ni, kò sí òmíràn. Ìbéèrè tó dára ń fa ojú ẹni síbòmíràn, síbẹ̀ ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní. Ẹ gbìyànjú èyí wò: "Ta ló fi ọdún 54 parí eré marathon Òlíńpíìkì?" Shizo Kanakuri ni, ọmọ Japan. Ní Stockholm lọ́dún 1912, ooru mú un lójú ọ̀nà, kò parí eré, ó sì padà sílé láìsọ fún àwọn alákòóso. Lọ́dún 1967 wọ́n pè é padà wá parí rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní irọ́ ni, ẹ ka aago rẹ̀ sí i létí: ọdún 54, oṣù 8, ọjọ́ 6, wákàtí 5, ìṣẹ́jú 32 àti ìṣẹ́jú àáyá 20.3.