Ààrẹ Tí Ọ̀rọ̀ Ẹnu Rẹ̀ Wọ́n Bí Ojú

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n fi ìtàn ààrẹ Amẹ́ríkà kan pa yín lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àsọjù ló sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di aláwàdà. Ti Calvin Coolidge yàtọ̀: àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni ẹ̀fẹ̀ rẹ̀.

Ní August 1923, igbákejì ààrẹ ni, ó lọ kí bàbá rẹ̀ ní abúlé Plymouth Notch, ní ìpínlẹ̀ Vermont. Ilé náà kò ní iná mànàmáná, kò ní tẹlifóònù. Òru ni ìròyìn dé pé Ààrẹ Warren Harding ti kú ní San Francisco. Bàbá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n tan àtùpà elépo òyìnbó. Bàbá yìí ní àṣẹ ìjọba láti máa gba ìbúra lẹ́nu aráàlú, òun náà ló sì búra fún ọmọ bíbí inú rẹ̀, ní aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú 47. Ó parí, ààrẹ tuntun bá padà lọ sùn. Ẹ gbọ́ mi o: ó sùn! Èmi, bí wọ́n bá fi mí ṣe alága àdúgbò lásán, n ò ní fojú ba oorun fún ọjọ́ mẹ́ta.

Àwọn kan tún wá ń ṣiyèméjì bóyá àṣẹ bàbá tó ti ìjọba àpapọ̀. Adájọ́ kan bá tún búra fún un ní Washington, ní bòókẹ́lẹ́.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé obìnrin kan jókòó tì í níbi oúnjẹ, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ti bá ènìyàn ta tẹ́tẹ́ pé n ó mú kí ẹ sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ." Coolidge dáhùn: "Ẹ pàdánù."

Ẹ má wá pè é ní odi o. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń pe àwọn oníròyìn jọ, ìpàdé náà sì lé ní 500 kó tó kúrò nípò. Lójú tèmi, ọ̀gbẹ́ni yìí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń pani, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹranko ló kún ilé rẹ̀. Ní 1926, ẹnìkan fi raccoon, ẹranko igbó onírun kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ránṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ Mississippi pé kí wọ́n pa á jẹ nígbà ọdún Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọn ò pa á. Wọ́n sọ ọ́ ní Rebecca, wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n ń mú un ṣeré káàkiri. Ní 1927, Harvey Firestone, oníṣòwò táyà tó ń gbin rọ́bà ní Làìbéríà, fún un ní erinmi aràrá kan tó ń jẹ́ Billy. Ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Billy, ó wọ Amẹ́ríkà láìgba físà, wọ́n fi í sí ọgbà ẹranko Washington, ó sì bímọ rẹpẹtẹ síbẹ̀.

Ibì kan wà tí ẹ̀rín ti dúró. Ní 1924, ọmọ rẹ̀, Calvin kékeré, ọmọ ọdún 16, gbá tẹ́níìsì láìwọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ lé roro, májèlé wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi kú. Coolidge kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà ló kó ògo ipò ààrẹ lọ.

Ìyàwó rẹ̀, Grace, ti ṣe olùkọ́ àwọn ọmọ adití rí. Ó mọ bí a ṣe ń ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Síbẹ̀, ní August 1927, ọkọ rẹ̀ pín pélébé ìwé fún àwọn oníròyìn ní South Dakota: òun kò yàn láti díje ní 1928. Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó wá lọ jẹun ọ̀sán nílé, kò mẹ́nu bà á. Sẹ́nétọ̀ kan tó wá kí wọn ló sọ fún Grace.