Wolfenbüttel: ìlú ààfin tí ọba ti kó kúrò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìlú tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, Wolfenbüttel ló ń jẹ́, Jámánì ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Braunschweig, odò Oker ló sì gba inú ẹ̀ kọjá. Ilé ràgàjì tó ní ilé ìṣọ́ gogoro yẹn, ààfin nìyẹn. Láti 1432 làwọn dúúkù ti ń jọba níbẹ̀, títí di nǹkan bí 1753 tí wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́ tí wọ́n kó lọ sí Braunschweig. Mi ò ní fi dátà yín ka orúkọ ọba o, àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ àtàwọn tí wọ́n tọ́ láàfin ni ìtàn wọn dùn jù.

Ọba kan tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ ni August tó wàjà lọ́dún 1666, torí ìwé ni bàbá yẹn ń rà kiri, ìgbà tó fi máa kú, ìwé inú láíbìrì ẹ̀ ti tó nǹkan bí 135,000. Láíbìrì ọ̀hún ṣì wà dòní. Leibniz, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìṣirò, bójú tó o láti 1691 títí tó fi kú. Nígbà tó di 1770 ó kan Lessing tó ń kọ eré orí ìtàgé, ojú ẹ̀ sì rí màbo níbẹ̀: ọmọ tí ìyàwó ẹ̀ bí lásìkò Kérésì 1777 kú, ìyàwó náà tẹ̀ lé e ní January, síbẹ̀ ní 1779 ló gbé Nathan der Weise jáde, eré tó kó Júù, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ sójú kan.

Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ kí n ṣe fídíò yìí gan-an ni Anton Wilhelm Amo. Axim, ní Gánà òde òní, ni wọ́n bí i sí, iléeṣẹ́ àwọn Dutch tó ń ṣòwò ẹrú gbé e wá sí Amsterdam, ni wọ́n bá fi ọmọ kékeré ta Dúúkù Anton Ulrich lọ́rẹ lọ́dún 1707. Èèyàn ẹlẹ́ran ara o! Wọ́n ṣe ìsàmì fún un lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi orúkọ dúúkù àti tọmọ ẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ Amo ò já orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ó wọ yunifásítì Halle ní 1727, ní 1729 ó dìde sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Yúróòpù, ìwé ọ̀rọ̀ náà ti sọnù, ó dùn mí wọra. Ó kọ́ àwọn ọmọ Jámánì ní filọ́sọ́fì ní Halle àti Jena, kó tó padà sílé ní nǹkan bí 1747. Dókítà ọkọ̀ òkun kan tó rí i níbẹ̀ ní bàbá ẹ̀ àti ọmọ ìyá ẹ̀ obìnrin kan ṣì wà láyé, pé arákùnrin ẹ̀ kan sì ń ṣẹrú ní Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, tiyín rèé. Ìlú yìí ni Curt Mast, ọmọ ẹni tó ń ta fínígà, ti po Jägermeister ní 1934, ewé àtegbò 56 ló wà nínú ẹ̀, ká ṣáà pè é ní pàràgà àwọn Jámánì. Ní 1973 ọmọ ẹbí ẹ̀, Günter, fẹ́ kí Eintracht Braunschweig gbé orúkọ ọtí náà sí jẹ́ẹ̀sì, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù kọ̀ jálẹ̀, ni kíláàbù náà bá yọ kìnnìún kúrò nínú àmì wọn, wọ́n fi orí àgbọ̀nrín tó wà lára ìgò ọtí náà rọ́pò ẹ̀, wọ́n sì wọ̀ ọ́ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Schalke ní March. Kí ọdún yẹn tó parí, àwọn aláṣẹ ti gbà fún gbogbo kíláàbù.