Iná Inú Ọpọlọ Yín: Ta Ló Ni Ín?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Guido Girardi, sẹ́nétọ̀ tẹ́lẹ̀ rí lórílẹ̀-èdè Ṣílè, ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń dé sórí láti fi ka iná ọpọlọ. Insight lorúkọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Emotiv ní Amẹ́ríkà ló ṣe é. Nígbà tó fẹ́ kó àkọsílẹ̀ ọpọlọ ara rẹ̀ jáde nínú rẹ̀, kò ṣeé ṣe, nítorí ẹni tó bá ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ kò láǹfààní bẹ́ẹ̀, àfi kó sanwó sí i. Orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà ni dátà wà. Ó bá gbé wọn lọ sílé ẹjọ́.

Kí tiẹ̀ ni dátà ọpọlọ? Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn, iná mànàmáná tíńtín ń ti ibẹ̀ jáde, ó ń gba inú agbárí dé awọ orí. Bí a bá pín fóltì kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bíi 10 sí 100 nínú rẹ̀ ni iná yìí. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi ń tètè bàjẹ́. Ẹ ṣẹ́jú lásán, ẹ wa eyín pọ̀, iná láti ojú àti iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ á bo ti ọpọlọ mọ́lẹ̀.

Irun náà ń ṣèdíwọ́. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń gba iná náà, gbọ́dọ̀ kan awọ orí, irun tiwa tó ki tó sì lọ́ a máa tì í sókè. Irun dídì ni àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Carnegie Mellon fi wá ojútùú sí i: wọ́n di irun ní ìlà-ìlà kí awọ orí lè hàn níbi tí sẹ́ńsọ̀ máa wà, wọ́n wá ṣe sẹ́ńsọ̀ tí irun dídì náà fúnra rẹ̀ á dì mú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nìyẹn náà. Ẹ̀rọ tí wọn kò fi irú orí wa dán wò lè ṣi orí wa kà.

Sẹ́ńsọ̀ 5 ni Insight ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kọ nọ́ńbà 128 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín wákàtí kan, nọ́ńbà náà ti ju mílíọ̀nù 2 lọ. Ṣé wọ́n lè ti ibẹ̀ mọ ohun tí ẹ ń rò? Rárá. Wọ́n lè rí i pé ẹ di ojú tí ara yín balẹ̀, torí ìgbì iná tó ń lọ sókè sódò nígbà 8 sí 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á fara hàn. Wọ́n lè rí oorun àsùnwọra, wọ́n sì lè rí àmì wárápá nígbà mìíràn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé nọ́ńbà wọ̀nyẹn kì í gbó. Ẹ̀rọ ìtúpalẹ̀ tó máa dé lọ́jọ́ iwájú lè yọ ohun tí tòní kò lè yọ nínú wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lọ́dún 2021 ni Ṣílè tún òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe láti dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ àti ìsọfúnni tó bá ti ibẹ̀ wá. Emotiv wí àwíjàre pé àwọn ti yọ orúkọ kúrò lára dátà, àti pé Girardi ti gbà sí àdéhùn àwọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí wọ́n pa dátà rẹ̀ rẹ́, kí àwọn aláṣẹ ìlera àti kọ́sítọ́ọ̀mù sì yẹ ẹ̀rọ náà wò. Ẹni tó gbà láti lo ẹ̀rọ kò tíì gbà kí wọ́n fi dátà rẹ̀ ṣe ìwádìí. Ìyẹn gba àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní Nàìjíríà ńkọ́? Abala 37 òfin ìpìlẹ̀ 1999 dárúkọ ilé, lẹ́tà, tẹlifóònù àti tẹligíráàmù. Òfin ààbò dátà ti 2023 ka ìlera mọ́ dátà ẹlẹgẹ́, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ọpọlọ. Síbẹ̀, ó fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti fa ìyọ̀ǹda yín sẹ́yìn, kí ẹ sì ní kí wọ́n pa dátà rẹ́. Nítorí náà, bí ilé-ìwé tàbí ibi iṣẹ́ bá gbé irú ẹ̀rọ yìí wá, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú nọ́ńbà náà sí, àti bóyá ẹ lè gba ẹ̀dà rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́, ẹ dárúkọ àkọsílẹ̀ sẹ́ńsọ̀ gan-an nínú lẹ́tà yín, torí wọ́n lè pa àkáǹtì rẹ́ kí nọ́ńbà ṣì wà níbẹ̀.